Iṣẹ́ Wo Lẹ Ń Wí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé látàárọ̀, tẹ́ ẹ fọṣọ, tẹ́ ẹ gbálẹ̀, tẹ́ ẹ dáná, tẹ́ ẹ wẹ̀ fọ́mọ, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìkíni tó gbẹ̀yìn yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ kí i ni. Yorùbá tó bá ń kọjá lọ, tó rí obìnrin tó ń gúnyán níwájú ilé rẹ̀, "ẹ kú iṣẹ́" ló máa kí i. Kò ní kọ́kọ́ bi í léèrè pé ta ló gbà á síṣẹ́, tàbí pé eélòó ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Àmọ́ àwọn ilé ìmọ̀ kan wà láyé yìí, ilé ìmọ̀ ńláńlá tó ní ìwé, tó ní òfin, tó ní ọ̀jọ̀gbọ́n, tí wọ́n á wo obìnrin yìí láti àárọ̀ títí dalẹ́, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ilé ìmọ̀ mìíràn á ní ó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Òmíràn á ní apá kan nínú ohun tó ṣe jẹ́ iṣẹ́, apá kejì kì í ṣe iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń pè: iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní nìyẹn, ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní físíìsì wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe ọ̀kan nínú wa síwájú, ọmọkùnrin kan tó lágbára dáadáa, ó ní kó gbé àpótí ìwé lérí, kó sì dúró gbagidi. Ọmọ náà gbé e. Olùkọ́ kọjú sí pátákó, ó ń kọ̀wé lọ ní tiẹ̀. Nígbà tó máa fi tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òógùn ti bo ojú ọmọ náà, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì. Olùkọ́ yíjú padà, ó bi wá pé iṣẹ́ mélòó ló ti ṣe. Gbogbo wa pariwo pé ó ṣiṣẹ́ gan-an ni, sà. Olùkọ́ mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ òdo ràgàjì sára pátákó. Ó ní, "Àpótí ò kúrò lójú kan. Kò ṣe iṣẹ́ kankan." Inú bí wa. Ẹni tó ru àpótí gan-an, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí láti ìgbà yẹn. Olùkọ́ ò purọ́, àwa náà ò sì ṣì í wí. Òṣùwọ̀n méjì la ń lò, ẹnì kan ò sì sọ fún ẹnì kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra oúnjẹ lọ́jà mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tó ra kọ́ńgò gààrí kan n'Íbàdàn, tó wá dé ibòmíràn tó gbọ́ iye tí wọ́n ń ta mudù, kó má tíì pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kó kọ́kọ́ gbé agolo méjèèjì ti ara wọn ná. Ẹni tó ń fi dẹ́ríkà wọn ìrẹsì kì í ṣe olè lójú ẹni tó ń fi kọ́ńgò wọn ọ́n, agolo wọn ló yàtọ̀. Ẹni tó fi dẹ́ríkà wọn ọjà, tó wá gba owó kọ́ńgò, ìyẹn lolè.

Níbo wá ni agolo àwọn onífísíìsì ti wá? Ní 1829, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé kan tó ń jẹ́ Gaspard-Gustave Coriolis tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè ṣírò ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Ayé ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ni ayé ìgbà náà. Omi ń kún inú kòtò tí wọ́n ti ń wa èédú, ẹ̀rọ ló ń fà á jáde, ẹni tó ni kòtò sì fẹ́ mọ èyí tó dára jù nínú ẹ̀rọ méjì kó tó náwó sí i. Coriolis mú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Faransé ń lò fún iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó fún un ní ìtumọ̀ kan tí kò gba àríyànjiyàn: mú ipá tí o fi ti nǹkan tàbí tí o fi gbé e, fi ṣe ìlọ́po bí nǹkan náà ṣe rìn jìnnà tó lọ síbi tí ipá náà kọjú sí. Iye tó bá jáde ni iṣẹ́. Kò ka òógùn, kò ka àárẹ̀. Ẹ̀rọ kì í kúkú làágùn. Nígbà tó yá, wọ́n fi orúkọ James Prescott Joule, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ ń pọn bíà tà ní Salford, sọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ náà. Òun la ṣì ń pè ní joule títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká fi agolo yìí wọn nǹkan kan tí mo mọ̀. Ìyá tó bí ìyá mi máa ń pọnmi ní odò kan tó tó kìlómítà kan sí agboolé wọn. Garawa ló ń lò. Ká ní omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 20, kìlógíráàmù 20 nìyẹn. Ẹnì kan á bá a gbé e rù, láti ilẹ̀ dé orí rẹ̀, bíi mítà kan ààbọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí omi náà ò ju nǹkan bí 300 joule lọ. Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó, agbára tó wà nínú horo ṣúgà kan ṣoṣo ju ìlọ́po 100 iye yẹn lọ. Ó wá kù kó rìn délé. Kìlómítà kan, lójú ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, pẹ̀lú òṣùká lórí, ọwọ́ kan lára garawa, ọwọ́ kejì ń fì. Iṣẹ́ mélòó ló ṣe lórí omi yẹn títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà? Olùkọ́ wa á mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Òkè ni ipá tó gbé omi dúró kọjú sí, iwájú ni ẹsẹ̀ ń lọ. Òdo.

Bẹ́ẹ̀ ilé tó múlé gbe àwọn onífísíìsì, ilé àwọn tó ń kọ́ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣe, kò ní gbà. Lójú tiwọn, iṣan tó le koko láti gbé ẹrù dúró ń jóná nínú lọ́hùn-ún bí iná àdògán, ẹrù ì báà rìn, ì báà má rìn. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ènìyàn ń fà símú ni wọ́n fi ń wọn ìjóná náà. Ní 1986, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Maloiy àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature. Àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ni wọ́n wọ̀n. Luo ń fi orí rẹrù bíi tiwa, Kikuyu ń gbé e sẹ́yìn, wọ́n á fi okùn fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́ fà á mọ́ iwájú orí. Àwọn olùwádìí ní kí wọ́n máa rìn pẹ̀lú ẹrù, wọ́n sì ń wọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Ohun tí wọ́n rí ya ayé sáyẹ́ǹsì lẹ́nu: títí ẹrù fi máa tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara obìnrin náà, ọ́síjìn tó ń lò kò lékún rárá. Àfi bíi pé kò ru nǹkan kan. Ìgbà tí ẹrù bá kọjá ibẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í lékún. Ní 1995, ìwádìí mìíràn jáde tó ṣàlàyé rẹ̀: ìrìn àwọn obìnrin náà ni àṣírí, ara wọn ń fì lọ fì bọ̀ lórí ẹsẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi okùn so kọ́, ìfì yẹn ò sì jẹ́ kí agbára ṣòfò.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni? Ọgbọ́n tí ìyá tó ń ti odò bọ̀ ti mọ̀ látìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀rọ wá kàn. Ẹni tó bá wọn kìlógíráàmù 60, kìlógíráàmù 12 ni ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Garawa ìyá ìyá mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nípa òṣùwọ̀n ilé yìí, ó ṣiṣẹ́ láti odò títí délé, ìmí rẹ̀ sì ni ẹ̀rí.

Kì í ṣe orí iṣẹ́ nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko á sọ fún yín pé èso ni tòmátì, torí pé inú òdòdó ló ti jáde, ó sì ní irúgbìn nínú. Ní 1893, ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà ní ẹ̀fọ́ ni. Owó orí ọjà tó ń wọ̀lú ló dá ẹjọ́ náà sílẹ̀: òfin 1883 ní kí wọ́n gba owó lórí ẹ̀fọ́, kí wọ́n má gbà á lórí èso, oníṣòwò kan sì fẹ́ gba owó rẹ̀ padà. Àwọn adájọ́ ò bá onímọ̀ ewéko jà. Wọ́n ní nídìí ọbẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń jẹ ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Ìyá aláta ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn ò ní ṣe ju báyẹn lọ, ẹ̀gbẹ́ tàtàṣé àti rodo ló ń kó tòmátì sí.

Ikú náà ńkọ́? Yorùbá ní ẹni tí kò bá mí mọ́ ti lọ. Àwọn dókítà pàápàá, èémí àti ọkàn tó ń lù kìkì ni wọ́n ń wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí fi dé. Ní oṣù Kejìlá 1967, dókítà Christiaan Barnard yọ ọkàn ẹnì kan, ó fi sí àyà ẹlòmíràn ní Cape Town. Ìgbà wo gan-an la lè sọ pé ẹni tí wọ́n yọ ọkàn rẹ̀ ti kú? Nígbà tó di 1968, ìgbìmọ̀ kan ní yunifásítì Harvard gbé ìtumọ̀ tuntun jáde: bí ọpọlọ bá ti dákẹ́ pátápátá láìní padà, ẹni náà ti kú, bí ọkàn tilẹ̀ ṣì ń lù. Ẹ wá lọ sílé ẹjọ́ ní Nàìjíríà. Òfin ẹ̀rí wa ti 2011 ní ẹni tí àwọn tó yẹ kó gbúròó rẹ̀ kò bá gbúròó rẹ̀ fún ọdún méje, kí wọ́n kà á sí òkú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ọpọlọ rẹ̀. Ogún ni òfin ń rò, àti opó tó wà lójú kan.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí garawa, torí pé ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ẹ gbé omi náà kúrò nílé àwọn onífísíìsì, ẹ gbé e lọ sílé àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Agolo tiwọn ni owó. Ní 1920, Arthur Pigou, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, tọ́ka sí ohun kan nípa agolo náà. Bí ọkùnrin kan bá ń sanwó oṣù fún obìnrin tó ń bá a tọ́jú ilé, wọ́n á ka ohun tí obìnrin náà ń ṣe mọ́ ọrọ̀ orílẹ̀-èdè. Bó bá wá fẹ́ obìnrin náà níyàwó, ọrọ̀ orílẹ̀-èdè dín kù. Ilé ń mọ́ bó ṣe ń mọ́ tẹ́lẹ̀, ọbẹ̀ ń dùn bó ṣe ń dùn tẹ́lẹ̀, ọwọ́ tó ń ro ọbẹ̀ náà ò yí padà. Ìgbéyàwó ló pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé.

Ní 1934, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan tó ń jẹ́ Simon Kuznets kó ìṣirò gbogbo owó tó ń wọlé l'Amẹ́ríkà síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Ó yọ iṣẹ́ àwọn ìyàwó ilé sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé òun yọ ọ́ sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí. Àwọn tó ń gbé iye náà kiri lẹ́yìn rẹ̀ ni kì í ka àlàyé mọ́ ọn.

Obìnrin kan wà tó gbìyànjú láti ṣe é lọ́nà mìíràn. Phyllis Deane lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ní àwọn ọdún 1940, wọ́n ní kó fi ìlànà ìṣirò tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wo àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, lára wọn ni ibi tí a ń pè ní Màláwì àti Sáńbíà lónìí. Nígbà tó dé abúlé, ó rí i pé àwọn obìnrin ni wọ́n ń ṣẹ́gi, àwọn ni wọ́n ń gún àgbàdo, àwọn ni wọ́n ń se é. Ó ní kò bọ́gbọ́n mu kí ẹnikẹ́ni ka ọrọ̀ irú ìlú bẹ́ẹ̀ kó fò wọ́n dá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò rinlẹ̀ nígbà náà. Ní 1988, Marilyn Waring, ará New Zealand tó wọ ilé aṣòfin lọ́mọ ọdún 23, kọ odidi ìwé lórí ohun kan náà, ìwé náà sì mi àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé díẹ̀.

Nígbà tó di 1993, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn àjọ ńlá mìíràn tún ìlànà ìṣirò ọrọ̀ orílẹ̀-èdè kọ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Nípa ìlànà náà, ẹni tó bá lọ pọnmi fún ilé ara rẹ̀, ohun tó ṣe wọ inú ọrọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ṣẹ́gi fún ìdáná ara rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá gbé omi yẹn kaná, tó fi igi yẹn dáná, tó rokà, tó bu oúnjẹ fọ́mọ, tó fọ abọ́, kò wọ̀ ọ́. Ẹ fojú inú wo ìyá ìyá mi. Láti odò títí dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí onífísíìsì ti kọ òdo, ibẹ̀ ni onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó sọ garawa kalẹ̀, ó ká òṣùká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kọjú sí àdògán, onímọ̀ ọrọ̀ ajé pa ìwé dé.

Mi ò sọ pé wọn ò ní ìdí. Wọ́n ní bí àwọn bá ka gbogbo iṣẹ́ ilé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àgbàlagbà kan láyé tí wọ́n lè pè ní ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní kò sí iye owó tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ wíwẹ̀ fọ́mọ láìjẹ́ pé wọ́n kàn fi ojú díwọ̀n. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Agolo tí wọ́n fi ń wọn ọjà ni agolo wọn, ẹni tó bá fẹ́ wọn ọjà kó máa lò ó. Ohun tí mo kọ̀ ni kí olóṣèlú kan wá gbé agolo yẹn dé iwájú wa, kó ní òun ló ka gbogbo làálàá orílẹ̀-èdè.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ṣe. Ẹ ó rántí pé nípa oṣù mẹ́ta tó parí ọdún 2020, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NBS, ní nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń wáṣẹ́ tàbí tó wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tí kò níṣẹ́ ju mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ. 33.3 gan-an ni iye náà. Ní oṣù Kẹjọ 2023, iléeṣẹ́ yìí kan náà ní lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà, 4.1 ni. Ìlú gbóná. Àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní iṣẹ́ ìyanu ni. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, ọkùnrin kan dìde láìtíì gẹrun tán, ó ń béèrè pé níbo làwọn iṣẹ́ náà wà.

Agolo ni wọ́n pààrọ̀. Títí di nǹkan bí 2014, ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ tó wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ìṣirò wa ò kà á sí ẹni tó níṣẹ́ kíkún. Wọ́n wá sọ ààlà náà kalẹ̀ sí wákàtí 20: ẹni tí kò bá ti tó o, aláìníṣẹ́ ni. Ní 2023, wọ́n tẹ̀ lé ìlànà àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé tó wà ní Geneva: ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré láàárín ọjọ́ méje, ó níṣẹ́. Wákàtí kan. Ẹ mú ọmọbìnrin tó ń ta àgbàdo sísè lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, wákàtí márùn-ún lápapọ̀. Ní 2020, aláìníṣẹ́ ni. Ní 2023, ó ti níṣẹ́. Ìkòkò kan náà, àgbàdo kan náà, gbèsè kan náà.

Àwọn tó gbé ìlànà wákàtí kan kalẹ̀ kì í ṣe òǹrorò. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bóyá ọwọ́ ẹnì kan kan ọjà iṣẹ́ rárá, kí orílẹ̀-èdè kan lè bá òmíràn dọ́gba nínú ìṣirò. Ní àpéjọ wọn ní Geneva lọ́dún 2013, wọ́n tilẹ̀ ṣe ohun kan tó wú mi lórí: wọ́n ya ohun méjì sọ́tọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ni gbogbo ohun tí ènìyàn bá ṣe láti pèsè nǹkan tàbí láti ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ì báà jẹ́ fún ẹlòmíràn tàbí fún ilé ara rẹ̀. Iṣẹ́ owó wá jẹ́ ẹ̀ka kan nínú rẹ̀. Nípa báyìí, ìyá tó ń gúnyán nínú ilé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ owó. Bàbá àgbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹnu òun àti ọmọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣu rẹ̀ ń bọ́ sí, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọn ò kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹnìkejì rẹ̀ tó gbin irú iṣu kan náà lẹ́bàá rẹ̀, tó kó èyí tó pọ̀ jù lọ sọ́jà, ìyẹn wọlé. Ó ṣòro láti ṣàlàyé fún bàbá, àmọ́ ó yéni. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé nígbà tí ìròyìn fi máa dé etí wa, "iṣẹ́" ṣoṣo ló kù nínú gbogbo àlàyé yìí. 4.1, kò sẹ́ni tó gbé agolo rẹ̀ wá.

Òfin pẹ̀lú ní tiẹ̀. Nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Labour Act, ìtumọ̀ òṣìṣẹ́ ò kan ọ̀gá tó wà nídìí àkóso, kò kan onímọ̀ iṣẹ́ bíi lọ́yà tàbí ẹnjiníà, bẹ́ẹ̀ ni kò kan mọ̀lẹ́bí ẹni tó gbani síṣẹ́. Máníjà báǹkì tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tó ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ má sọ fún un pé kì í ṣe òṣìṣẹ́. Àmọ́ ọjọ́ tí ìjà bá dé, ohun tí lọ́yà rẹ̀ máa kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Mo máa ń rò ó pé èdè wa ì bá ti bá wa yanjú apá kan níbẹ̀. Yorùbá ní iṣẹ́, ó ní làálàá, ó ní òpò, ó ní akitiyan. Iṣẹ́ pàápàá gbòòrò: a ń rán ọmọ níṣẹ́, ó ń jẹ́ ẹ, oògùn ń ṣiṣẹ́ lára, oníṣẹ́ abẹ ń ṣiṣẹ́ nínú tíátà. Bí olùkọ́ wa bá ti sọ pé, "Ọmọ yìí ṣe làálàá, òógùn rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ohun tí ilé tiwa ń pè ní iṣẹ́ ò kan àpótí náà," ì bá ti yé wa kíá, inú ì bá má sì bí wa. Ní 1970, Bàbá Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà n'Ífẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó bá ń fi èdè abínibí kọ́ni ò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọjá lọ láìṣàlàyé, torí pé ọmọ mọ ọ̀rọ̀ náà láti ilé, á sì bi í. Ó dùn mí pé a ò mú ètò náà dàgbà ju bó ṣe wà lọ.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fojú rí. Mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé tòun ti ẹ̀rọ lọ́wọ́, ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ láti ilé dé ilé. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n fún un ní àga. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, atẹ wà lórí itan rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọ náà béèrè orúkọ, ó béèrè ọjọ́ orí, ó wá ní, "Mà, láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé ẹ ṣe iṣẹ́ kankan?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Iṣẹ́ kẹ̀? Mi ò ṣiṣẹ́ o, ọmọ mi. Ilé ni mo wà."

Ọmọ náà tẹ nǹkan sórí ẹ̀rọ. Ó fẹ́ bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí atẹ. Ó dúró díẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú. Ẹ̀gúsí tẹ́ ẹ̀ ń bó yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa sè é?"

"Èmi kẹ̀? Ìyá tó ń tà á níwájú ọjà ló ni ín. Àpò kan ló gbé wá ní Mọ́ńdè, mo ti bó ju ààbọ̀ lọ."

"Ṣé wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún yín ni, mà?"

"Kọ́ńgò kọ́ńgò ni wọ́n ń san án."

Ọmọ náà padà sẹ́yìn lórí ẹ̀rọ, ó pa ohun tó kọ́kọ́ tẹ̀ rẹ́, ó tẹ òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè. Ó fẹ́ èèpo kúrò lójú atẹ, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn.